Mo Sọ fún Dókítà Asúráńsì Pé Kò Sí Nǹkan

Ọmọ ọmọ mi kò fẹ́ kí awakọ̀ tasí fun fèrè. Ní Libreville níbí, ní ilẹ̀ Gabon, ẹni tó bá fẹ́ wọ tasí á dúró sétí títì, á sọ ibi tó ń lọ àti iye tó fẹ́ san. Bó bá tẹ́ awakọ̀ lọ́rùn, á fi fèrè dáhùn, "píìn", ó túmọ̀ sí pé kí o wọlé. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ láìwo ojú ẹ. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń gbọ́ fèrè yìí, n kò kà á sí ohunkóhun, àfìgbà tí ọmọbìnrin mi bí ọmọ tirẹ̀. Fèrè kan ṣoṣo, ọmọ náà á ti jókòó sínú ẹrẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì di etí, á máa mi síwá mi sẹ́yìn. Bí mo ṣe kọ́ láti máa fi í sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, kí n dá nìkan lọ dá tasí dúró, kí awakọ̀ fun fèrè rẹ̀ tán, kí n tó juwọ́ sí i pé kó máa bọ̀. Àwọn awakọ̀ mìíràn á ní kí n yára, "Mama, vite, vite." Èsì tí mo máa ń fún wọn, n kò lè kọ ọ́ síbí, torí mo ti lọ sí Mẹ́kà.

Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Derrière la Prison. Òwú, bọ́tìnnì àti sípù ni mo ń tà fún àwọn aránṣọ. Atong Abè ni mo ń gbé pẹ̀lú ọmọbìnrin mi, èyí tí mo bí síbí, tó kàwé níbí, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan láàárín ìlú. Port-Gentil ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ìparí oṣù la máa ń rí i. Nítorí náà, èmi ni mo ń lọ mú ọmọ náà nílé ẹ̀kọ́, èmi ni mo ń fún un lóúnjẹ, èmi náà ni mo sì mọ ohun tí kì í jẹ. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ó ń gbọ́ Yorùbá mi yékéyéké, ṣùgbọ́n Faransé ló fi ń dá mi lóhùn, "Mamie" ló sì ń pè mí, bí àwọn ọmọ ibí ṣe ń pe ìyá àgbà. Mo bá a jà lórí Mamie yìí fún ọdún kan gbáko. Nígbà tó rẹ̀ mí, mo gbà fún un.

Kì í ṣe fèrè nìkan. Òjò tó ń rọ̀ sórí páànù, ẹ̀rọ ìlọta, àga tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀ ní kíláàsì, gbogbo rẹ̀ ló ń ni ín lára. Kì í jẹ́ kí ọbẹ̀ kan ìrẹsì. Aṣọ tó bá ní àkọlé lọ́rùn, á bọ́ ọ jù sílẹ̀. Ti aṣọ ni mo rí nǹkan ṣe sí: mo gé gbogbo àkọlé kúrò, nígbà tí ìyẹn kò tó, mo tú àwọn aṣọ náà, mo tún wọn rán kí ojú rírán wà níta, kó má baà máa ha á lára. Àwọn ará àdúgbò rò pé ogbó ti dé, pé mo ń wọ aṣọ fún ọmọ lódì. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rò ó. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn.

Ọmọbìnrin mi gbé e lọ sílé ìwòsàn, mo sì tẹ̀ lé wọn. Wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, dókítà ní etí náà ń gbọ́ dáadáa. Mo ní Alhamdulillah, mo dìde, mo ti ń gbé báàgì mi. Ọmọbìnrin mi fà mí jókòó. Dókítà wá ṣàlàyé pé etí kọ́ ni wàhálà, pé ohun tí etí àti awọ ara ń gbé wọlé ni ọpọlọ ọmọ náà kò mọ bí yóò ṣe tò. Ohun kékeré ń wọlé bí ohun ńlá, gbogbo rẹ̀ sì ń wọlé pa pọ̀. Ó ní kò sí oògùn oníkóró fún un, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti kọ́ ara àti etí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ayé á fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ẹni tí a rí wà ní àdúgbò Kalikak, obìnrin ọ̀dọ́ kan, ọmọ ìlú yìí, tí ohùn rẹ̀ rọ̀ débi pé n kì í gbọ́ ìdajì ohun tó ń sọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ la ń lọ. Ó so jangirọ́fà aláṣọ kan mọ́ àjà, ó ní bọ́ọ̀lù tó tóbi ju ọmọ lọ, ó ní àwọn àpò kéékèèké tí iyanrìn kún inú wọn. Á fi búrọ́ọ̀ṣì pẹ̀lẹ́ pa ọmọ náà lápá àti lẹ́yìn, á fi aṣọ wé e pinpin, á fì í. Lẹ́yìn náà á fi ẹ̀rọ ìgbọ́rin bò ó létí, orin tí wọ́n ti yọ àwọn ìró tó ń gún un kúrò nínú rẹ̀, tí wọ́n á sì máa dá wọn padà díẹ̀ díẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rín ni mo rín. Mo sọ fún ọmọbìnrin mi pé nílé wa, à ń pọn ọmọ dì gbagidi, à ń jó o kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sẹ́ni tó lọ kàwé ẹ̀. Ó lọ sọ ọ́ fún obìnrin náà. Obìnrin náà kò bínú, ó ní kí n wá fi pípọ̀n yẹn han òun. Mo bá pọn ọmọ ọdún méje nínú yàrá yẹn, tòun ti orúnkún tó ń dùn mí. Ọmọ náà fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé mi lẹ́yìn, ó mí kanlẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn obìnrin yẹn.

Ìyípadà náà kò yá, ṣùgbọ́n ó dé. Ní oṣù kẹta ìtọ́jú náà, òjò rọ̀ sórí páànù wa, ọmọ náà wá mi wá nínú kíṣìnnì, ó di aṣọ mi mú, kò sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kẹrin, ó jókòó ní kíláàsì láti àárọ̀ títí wọ́n fi jáde. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wá sọ fún wa pé òun á gbà á mọ́ra níwọ̀n ìgbà tí ìtọ́jú náà bá ń lọ. Bó bá dúró, ká wá ibòmíràn wá. Ibòmíràn náà kò sí, ọmọbìnrin mi ti wá a káàkiri.

Asúráńsì ibi iṣẹ́ ọmọbìnrin mi ló ń san owó rẹ̀. Wọn kò kọ́kọ́ fẹ́ san án, wọ́n ní eré ọmọdé ni, àfìgbà tí ọmọbìnrin mi kọ lẹ́tà, tó ní kí dókítà kọ tirẹ̀, tí obìnrin Kalikak náà kọ tirẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n wá fún un ní ìwé tí wọ́n ń pè ní prise en charge, èyí tó fi hàn pé àwọn ló máa gbé ẹrù náà, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà péré. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí a gbé ọmọ wá kí dókítà tiwọn fúnra rẹ̀ rí i. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, ọmọbìnrin mi kò ráyè níbi iṣẹ́. Mo ní ṣé èmi kò tó ni? Mo ní èmi tí mo ti bá àwọn aṣọ́bodè fa ọ̀rọ̀ lórí páálí bọ́tìnnì láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ṣé dókítà kan ló máa wá rú mi lójú?

Mo wẹ ọmọ náà, mo fi ìpara pa á títí ó fi ń dán. Mo wọ èyí tó rọ̀ jù nínú aṣọ rẹ̀ fún un, mo sì kìlọ̀ fún un pé kó jókòó bí ọmọ gidi. Ọ́fíìsì náà tutù, ó dákẹ́ rọ́rọ́, kápẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀, kò sí ohun tó lè dẹ́rù ba etí ẹnikẹ́ni. Ọmọ náà gbójú sókè, ó ń ka àwọn ihò kéékèèké inú àjà. Dókítà náà jẹ́ àgbàlagbà, ó níwà. Ó bi mí pé báwo ni ọmọ ṣe ń ṣe sí.

Mo dá a lóhùn bí ìyá mi ṣe kọ́ mi, bí ìyá tirẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Bí wọ́n bá béèrè ọmọ lọ́wọ́ wa, a dúpẹ́ ni à ń sọ. Bí ọmọ bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, tí omi ń kán sí i lára, tí àlejò sì bèèrè, a ó ní ara ti ń mókun. Ẹnu òbí kì í ṣe ẹnu lásán. Èmi kò lè jókòó síwájú àjèjì, kí ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kí n máa ka àléébù rẹ̀ bí ẹni ń ka ọjà. Nítorí náà mo ní ó wà dáadáa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ó bèèrè oorun, mo ní ó ń sùn. Ó bèèrè oúnjẹ, mo ní ó ń jẹun, mo tún rẹ́rìn-ín. Ó bèèrè ariwo, mo ní háà, ìyẹn ti ń di ìtàn. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo délé, mo sọ fún ọmọbìnrin mi pé àánú Ọlọ́run pọ̀, pé dókítà náà fẹ́ràn wa.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni lẹ́tà dé. Ọmọbìnrin mi kà á lórí ìdúró, ó tún jókòó kà á. Wọ́n ní inú àwọn dùn pé ara ọmọ ti yá, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ àgbà ti jẹ́rìí sí i, nítorí náà kò nílò ìtọ́jú náà mọ́. Ọmọbìnrin mi ká lẹ́tà náà sí méjì, ó gbé e sórí tábìlì níwájú mi.

Ó ní, "Màmá, wọ́n béèrè ohun tó ń ṣe é lọ́wọ́ yín, ẹ sì sọ fún wọn pé kò sí."

Mo ní, "Ṣé kí n wá fi ẹnu mi ṣépè fún ọmọ mi ni?"

"Kì í ṣe èpè, Màmá. Dossier ni, àkọsílẹ̀ tiwọn."

Mo bínú. Mo ní àwọn tí wọ́n bí síbí kò mọ nǹkan kan, wọ́n rò pé ìwé ló ń dáàbò bo ọmọ. N kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì, bẹ́ẹ̀ inú ilé kan náà la wà. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú ti dúró. Ọmọbìnrin mi fi owó ara rẹ̀ san ti ọ̀sẹ̀ méjì, agbára rẹ̀ kò gbé e jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ọmọ náà padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ aṣọ jù sílẹ̀, títí kan èyí tí mo tún rán. Ilé ẹ̀kọ́ pè wá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n pè wá lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní àwọn á fún wa títí ìparí oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà o. Èmi gan-an ni mo fi ọwọ́ ara mi wọ́ ọ.

Mo lọ bá ọmọbìnrin mi nínú yàrá rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe ohun tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ mi, ó yà á lẹ́nu débi pé òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Ó ti kọ lẹ́tà sí asúráńsì, wọ́n sì ti gbà láti tún ọmọ náà rí, ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́rìí lọ́jọ́ kìíní ni kó padà wá sọ ohun tó yí padà. Àní èmi. Ó ní òun á gbàyè níbi iṣẹ́, òun á tẹ̀ lé mi lọ, àmọ́ òun kò lè bá mi sọ ọ́. Ó ní, "Ẹni tó bá dákẹ́, Màmá, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́." Èmi ni mo kọ́ ọ ní òwe yẹn.

Mo fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ ẹnu mi. Bí kò bá sí oníbàárà, mo máa ń dúró láàárín àwọn sípù mi, mo máa ń sọ ọ́ ní Faransé, "Kò lè sùn." Mo máa ń ní astaghfirullah, kí Ọlọ́run dárí jì mí. "Kò lè jẹ oúnjẹ tí gbogbo ayé ń jẹ." Astaghfirullah. Aránṣọ kan wọlé bá mi, ó ní Àlàájà, ta lẹ̀ ń bá jà? Mo ní èmi àti ara mi ni.

Nígbà tí a dé iwájú dókítà náà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ìyá ọmọ mú un jókòó síta ná. Dókítà ní ó mà ṣe o, òfin àwọn ni pé kí ọmọ wà níbẹ̀. Mo wo ọmọ náà. Ó ti gbójú sókè sí àwọn ihò inú àjà. Ọmọbìnrin mi fi ọwọ́ lé mi lórúnkún lábẹ́ tábìlì.

Mo bẹ̀rẹ̀. Faransé mi ń wó lulẹ̀. Mo ní irọ́ ni mo pa lọ́jọ́ kìíní, pé kì í ṣe irọ́ ìkà, pé bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ọmọ nílé wa nìyẹn. Mo ní kì í sùn dáadáa. Mo ní bí òjò bá rọ̀, á máa gbọ̀n. Mo ní ìrẹsì funfun àti dòdò nìkan ló ń jẹ, kí ìkínní má sì kan ìkejì. Mo ní mo ti rí i tó ń fi orí gbá ògiri nítorí pé aládùúgbò wa ń lu irin. Gbogbo èyí tí mo sọ ló ń ro mí bí ẹni pé mo ń bọ́ ọmọ náà níhòòhò níta gbangba. Nígbà tí mo dé orí ilé ẹ̀kọ́, omijé gbọ̀nà ojú mi, mo fi etí gèlè nù ún.

Ibi tí mo ti ń nu ojú ni ọmọ náà ti sọ̀rọ̀. Kò wo ẹnikẹ́ni, àwọn ihò inú àjà ló ń bá sọ ọ́. N ó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, n ó sì fi ọ̀wọ̀ tí Faransé rẹ̀ kò ní kún un.

"Mamie, ẹ gbàgbé ẹ̀rọ tó ń mú ọwọ́ gbẹ ní ilé ìtajà ńlá."

Dókítà yíjú sí i. Ó rọra bi í pé kí ni ẹ̀rọ náà ń ṣe. Ọmọ náà ní ó ń wọ inú eyín òun. Ó ní iná gbọọrọ tó wà ní kíláàsì máa ń kọrin, kò sẹ́lòmíràn tó ń gbọ́ ọ, tí olùkọ́ bá ń sọ̀rọ̀ orin iná ló ń lékè. Ó ní agogo ilé ẹ̀kọ́ dà bíi kí wọ́n la òun mọ́lẹ̀, nítorí náà láti ìgbà tí wọ́n bá ti wọlé lẹ́yìn eré ni òun ti máa ń dúró dè é, òun kì í gbọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò. Ó ń ka wọn ní ìtòtẹ̀lé, láìsunkún, láìjuwọ́, bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tó ń jẹ́ ẹ. Èmi àti ìyá rẹ̀ wo ara wa. A kò mọ ọ̀kan nínú wọn. Ọdún méje tí mo fi ń rò pé mò ń pa ọmọ yìí mọ́ kúrò lẹ́nu ayé, ó dá nìkan wà pẹ̀lú gbogbo rẹ̀. Ojú tì mí, ìfẹ́ rẹ̀ sì gbá mi láyà.

Dókítà kọ, ó kọ, ó ṣí ojú ìwé mìíràn. Nígbà tó yá, ó ní èyí tí òun ti kọ ti tó, pé òun á fọwọ́ sí ọdún kan, pé kí a tún padà wá lẹ́yìn rẹ̀, kí a sì wá sọ ọ́ bí ó bá ṣe rí. Ọmọbìnrin mi dúpẹ́, ó ti ń kó àwọn ìwé jọ. Mo na ọwọ́ sí ọmọ náà pé kó dìde.

Kò dìde. Ó ní ó ku ọ̀kan.

Ó ní, "Àti ìgbà tí wọ́n bá béèrè mi lọ́wọ́ Mamie, tí Mamie bá ní kò sí nǹkan tó ń ṣe mí."

Dókítà gbé bírò rẹ̀ sókè. Ó wo ojú mi, ó sì bi mí bóyá kí òun kọ ìyẹn náà. Mo ní kó kọ ọ́.